Ibi Tí Irun Àrán Kọjú Sí

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn lórúkọ mi mọ́. Tí mo bá tún aṣọ kan péré ṣe fún àwọn obìnrin yẹn, wọ́n lè dá mi padà sílé, ẹ̀kọ́ mi á sì parí síbẹ̀. Ìkìlọ̀ tí wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì nìyẹn. Mi ò bínú sí yín. Ẹ ṣáà gbọ́ mi.”

Inú bọ́ọ̀sì tó ń gun Cheetham Hill Road ni mo wà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí wọlé sórí fóònù mi, ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán. Ọmọ mi, Mọrẹ́nikẹ́, ló kọ ọ́ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tó ti ń kàwé ní Amẹ́ríkà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ̀ ti kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ méjì kí n tó rántí ibi tí mò ń lọ.

Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ti ní kí àwa tó ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ wa sílẹ̀, kí ẹni tó ń ronú irú iṣẹ́ tí yóò ṣe lè rí nǹkan kà. Èmi ń sọ pé lọ́la ni, lọ́tùnla ni. Ìkìlọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n mú bírò. Nígbà tí mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé àṣìṣe tí mo ṣe lọ́dún yìí, mo ti ṣe é rí lórí tábìlì tí a ti ń gé aṣọ, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Télọ̀ ni mí. Ọdún méjìlélógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, tí a bá ka ọdún tí mo fi kọ́ ọ mọ́ ọn. Mo fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, nítorí pé ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́ láìjẹ́ pé mo lo gíláàsì méjì.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà tí mo jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ṣàgámù. Agbára bàbá mi kò gbé e kọjá ibẹ̀, ni wọ́n bá mú mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Gbóyèga, tí gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gá. Oṣù mẹ́fà gbáko ni n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ. Mò ń gbálẹ̀, mò ń fẹ́ iná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, mo sì ń ṣa píìnì. Píìnì mẹ́rìnlélógún ni Ọ̀gá máa ń kà fún wa láàárọ̀, mẹ́rìnlélógún náà ni wọ́n ń gbà padà nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ kan, ọ̀kan dín. Mo fi orúnkún rìn káàkiri ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù títí mo fi rí i lábẹ́ ẹsẹ̀ àga. Ọ̀gá gbà á, wọ́n ní, “Ó dáa. Ká ní ọmọ oníbàárà ló kọ́kọ́ rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ì bá fi rí i.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka nǹkan. Títí di òní, tí mo bá ti ilẹ̀kùn ilé wa ní Newton Heath, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń fa ọwọ́ rẹ̀ wò.

Òfin méjì ni Ọ̀gá ní. Èkíní ni pé ojú la fi ń kọ́ṣẹ́, a kì í fi ẹnu kọ́ ọ. Ẹni tó bá bèèrè nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, rúlà onígi yóò kan ọmọ ìka ọwọ́ rẹ̀.

“Kí ni gbogbo ìbéèrè yìí?” ni Ọ̀gá máa ń wí. “Ṣé kóòtù la wà ni? Lọ́yà ni bàbá rẹ rán ọ wá kọ́?”

Òfin kejì ni pé aṣọ aláṣọ kò gbọdọ̀ ṣòfò. Wọ́n ní ẹni tó bá fi aṣọ aláṣọ ṣòfò, olè ni, bí kò tilẹ̀ mú un lọ sílé. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyí: tí a bá to bébà pátánì sórí aṣọ, a ó kọ orí ọ̀kan sókè, a ó kọ orí èkejì sísàlẹ̀, kí ibi tó gbòòrò lára ọ̀kan lè wọ ibi tó tín-ín-rín lára èkejì. Àjákù tó bá kù, a ó dì í mọ́ aṣọ oníbàárà, a ó dá a padà. Nínú èyí ni mo ti yàtọ̀. Oníbàárà á mú yáàdì márùn-ún wá, á bá bùbá àti ìró lọ, á sì tún rí gèlè ọmọ rẹ̀ nínú èyí tó kù.

Tí àrán bá dé nìkan ni Ọ̀gá máa ń lé wa jáde. “Ẹ lọ ra òwú.” Nígbà tí a bá fi dé, wọ́n ti gé e tán. Mo rò pé nítorí pé àrán wọ́n ni. N kò bèèrè. Ta ló fẹ́ jẹ rúlà?

Ẹ má rò pé obìnrin líle lásán ni wọ́n o. Nígbà tí ibà dá mi dúbúlẹ̀, ẹ̀yìn wọn ni wọ́n fi pọ̀n mí dé ilé ìwòsàn, èmi ọmọ ogún ọdún, ẹsẹ̀ mi ń wọ́ nílẹ̀, àwọn èèyàn ń fi wá rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù mi, tí wọ́n dá mi sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, wọ́n gbàdúrà fún mi lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n sì gbé sísọ́ọ̀sì tí àwọn fúnra wọn fi ń gé aṣọ lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Ojú tìẹ ló mú jù nínú gbogbo wọn.” Sísọ́ọ̀sì náà wúwo bí ọmọ odó.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi fún ọdún mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà mo lọ́kọ, ọkọ mi sì mú mi wá sí Manchester. Ọ̀rọ̀ bí mo ṣe ríṣẹ́ níbí kò gùn: obìnrin kan nínú ìjọ sọ fún mi pé wọ́n ń wá agéṣọ ní ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù Cheetham Hill, mo lọ, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n gbà mí. Aṣọ iṣẹ́ àti ẹ̀wù akọrin ni wọ́n ń rán. Olórí agéṣọ ibẹ̀ ni Dennis, òyìnbó àgbàlagbà kan tó tín-ín-rín, tí pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí rẹ̀, tó ń pe gbogbo ayé ní “love”.

Ọdún kejì mi níbẹ̀ ni ìjọ kan ní Old Trafford ní ká rán ẹ̀wù mẹ́rìnlélógún fún àwọn akọrin wọn. Àrán ni, aláwọ̀ búlúù tó jìn bí ọ̀sán tó fẹ́ di alẹ́. Dennis ń múra láti lọ wo ìyàwó rẹ̀ ní ọsibítù.

Ó ní, “Ṣé o ti gé àrán rí, love?”

Kí ó tó pa ẹnu dé, mo ti dáhùn: “Yes, Dennis.”

Mo to bébà bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi: orí ọ̀kan sókè, orí èkejì sísàlẹ̀. Mo gé gbogbo rẹ̀. Yáàdì mẹ́fà ó dín díẹ̀ ló ṣẹ́kù. Mo ká a dáadáa, mo gbé e sórí àga Dennis bí ẹ̀bùn, mo sì ń retí kí ó yìn mí. Ó yìn mí lóòótọ́! Ó rò pé aṣọ ni wọ́n kó wá lé. Àwọn obìnrin tó ń jókòó nídìí ẹ̀rọ rán ẹ̀wù náà ní ọjọ́ méjì.

Ní Friday, wọ́n so wọ́n kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lára ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan, apá kan ń dán, apá kejì ṣú dùdù, bí ìgbà tí wọ́n gé ẹ̀wù méjì sí méjì tí wọ́n sì fi ìdajì ọ̀kan pàrọ̀ ìdajì èkejì. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dennis kò pariwo. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ mi pa aṣọ náà wá sísàlẹ̀. Ó ń yọ̀, ó rọ̀ bí irun ológbò. Ó tún fi pa á lọ sókè. Ó ń kọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì ṣókùnkùn.

“Àrán ní irun,” ló wí. “Ibì kan náà ni gbogbo irun rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí. Kí ló dé tí o kò bèèrè?”

Báwo ni n ó ṣe ṣàlàyé rúlà Ọ̀gá fún un?

Ó sọ fún ẹni tó ni ilé iṣẹ́ pé ẹ̀bi òun ni, pé òun kò yẹ kí òun fi mí sílẹ̀ ní èmi nìkan. Wọ́n ra àrán mìíràn, mo tún un gé, Dennis dúró tì mí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àjọ̀dún ìjọ náà ti kọjá kí a tó parí. Mo lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sunday àjọ̀dún náà, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá, mo wo àwọn akọrin mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ń kọrin nínú kóòtù òtútù wọn, oríṣiríṣi àwọ̀. Orin wọn dùn. Ìyẹn gan-an ló pa mí lẹ́kún.

Láti ìgbà náà, mò ń bèèrè níbi iṣẹ́. Ìbéèrè mi sú Dennis. Irinṣẹ́ yí padà lójú mi: a kúrò lórí sísọ́ọ̀sì, a dé orí ọ̀bẹ oníná tó ń gé aṣọ ogójì lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó yá kọ̀ǹpútà dé, òun ló ń to pátánì fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án, ohun tó kọ́kọ́ hàn lójú rẹ̀ ni ìbéèrè: ṣé aṣọ yìí ní irun, ibo ló kọjú sí? Dennis ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ṣùgbọ́n ó wá kí wa. Mo fi hàn án. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà gbọ́n ju òun àti èmi lọ.

Níbi iṣẹ́ nìkan ni mo ti gbọ́n o. Nílé, mo wà bí mo ṣe wà.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wá ọmọ kí Mọrẹ́nikẹ́ tó dé. Òun nìkan ni mo ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú àánú wò mí bí mo bá sọ fún yín pé tí dókítà bá bi í pé níbo ló ń dùn ún, èmi ni mo máa ń dáhùn. Tí tíṣà bá bi í pé kí ló fẹ́ dà, èmi náà ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi lójú: “Mum, me he asked, o. Èmi ló bi.”

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó lọ yìí, àárín oko àgbàdo ló wà, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò tó èèyàn ìjọ ńlá kan. Wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, èyí ló jẹ́ kí n gbà. Ohun tí n kò lóye ni iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn.

“Ìràwọ̀ ojú ọ̀run, ìtàn Gíríìsì, ijó, àti ìṣirò,” ló sọ fún mi.

“Lọ́dún kan náà? Iṣẹ́ wo wá ni gbogbo rẹ̀?”

“Kò tíì di iṣẹ́, Mọ́mì. Ọdún kejì la máa mú ọ̀kan. Wọ́n tiẹ̀ ń fún wa ní máàkì tá a bá sọ̀rọ̀ ní class.”

“Máàkì ariwo?”

“Tá a bá béèrè question tó dáa ni o.”

Bàbá rẹ̀ kígbe láti kíṣìnnì: “Ká ní wọ́n ń fún ìyá rẹ ní máàkì ọ̀rọ̀ sísọ ni, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ì bá jẹ́ báyìí.”

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní oṣù àkọ́kọ́, ẹkún ló ń sun sí mi létí. Àwọn mọ́kànlá ló ń jókòó yí tábìlì kan ká pẹ̀lú olùkọ́. Ó ní gbogbo àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé orí àga yẹn ni wọ́n bí wọn sí, òun nìkan ló ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Mọ́mì, tí mo bá fẹ́ la ẹnu, ó dà bíi pé ẹnì kan máa dáhùn fún mi.” Mo mọ ẹni náà. Olùkọ́ rẹ̀ ló gbà á là: ó ní kí ó máa kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sórí bébà wá lójoojúmọ́, kí ó kà á sókè. Kí ọdún tó parí, kò nílò bébà mọ́. Wọ́n tún gbà á sí yàrá tí wọ́n ti ń rán aṣọ eré orí ìtàgé. Inú ilé ẹ̀kọ́ niṣẹ́ náà wà, òfin sì gbà á fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè.

Nígbà ìsinmi kan, àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ sílé wọn, ọmọ mi kò níbi tí yóò lọ. Nípasẹ̀ àwọn ará ìjọ, mo rí Ìyá Tóbi, nọ́ọ̀sì kan, ọmọ wa láti Ògùn, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Ó fi mọ́tò wá gbé e, ó se ìrẹsì fún un, ó fún un ní ibùsùn fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: kí ni télọ̀ fi ń dúpẹ́? Mo sọ fún un lórí fóònù pé, “Ìyá Tóbi, ẹ kó aṣọ iṣẹ́ yín fún Mọrẹ́nikẹ́, yóò bá yín fún un mọ́ra. Ọwọ́ mi ni ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ yín náà, kí wọ́n kó tiwọn wá.” Ẹyin lohùn. Ìyá Tóbi ní àwọn kò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn yóò fún un ní nǹkan. Mo ní kò burú. N kò sì sọ fún ọmọ mi títí aṣọ fi dé yàrá rẹ̀.

Kò fi abẹ́rẹ́ kàn án. Ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, ó bèèrè. Ọkùnrin ibẹ̀ ní ọpẹ́lọpẹ́ pé ó kọ́kọ́ wá bèèrè. Irú físà tó ní kò gbà kí ó ṣe iṣẹ́ kankan fún ará ìta láìgba àṣẹ, bí wọ́n bá tiẹ̀ fi oúnjẹ san án. Ká ní ó ti rán ọ̀kan, òun kò ní lè dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ọmọ mi kó aṣọ padà fún wọn.

Èmi tí n kò mọ èyí, kí ni mo ṣe? Nígbà tí Ìyá Tóbi pè mí pé ọmọ dá aṣọ padà, mo pe Mọrẹ́nikẹ́, mo jágbe mọ́ ọn.

“O jẹ́ kí ojú tì mí lójú ẹni tó ṣe ọ́ lóore!”

“Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n explain—”

“Kí lo fẹ́ ṣàlàyé?”

Mo gé fóònù. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, nínú bọ́ọ̀sì, ni ìkìlọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí dé.

Nígbà tí mo délé, mo kà á fún ọkọ mi. Wọn kò fi mí ṣẹlẹ́yà lọ́jọ́ náà. Wọ́n kàn ní, “Ṣé o bi í kí o tó ṣèlérí?” Ohùn Dennis ni mo gbọ́.

Mo kọ́kọ́ pe Ìyá Tóbi, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ẹ má bẹ̀ mí, mà. Èmi náà ò mọ̀. Ọmọ yín ló yọ gbogbo wa.” Lẹ́yìn náà mo pe ọmọ mi. Àforíjì kò yọ lẹ́nu mi. Ìtàn ẹ̀wù mẹ́rìnlélógún ni mo sọ fún un, èyí tí n kò sọ fún un rí láti ìgbà tí mo ti bí i, nítorí ìtìjú. Mo sọ ọ́ dé ibi kóòtù òtútù.

Ó wá ní, “Mọ́mì, àrán wà lórí tábìlì wa ní yàrá aṣọ eré lọ́sẹ̀ yìí. Aṣọ ọba ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹnì kan ti ń to pátánì sókè sódò kó lè dín aṣọ kù. Mo ní, ẹ dúró ná, ibo ni irun rẹ̀ kọjú sí?”

“Ta ló kọ́ ẹ?”

“Ẹ̀yin ni now. Kí ẹ tó gé aṣọ kankan nílé, ẹ máa ń fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀mejì. Mò ń wò yín láti kékeré.”

Ojú ló fi kọ́ ọ, bí Ọ̀gá ṣe fẹ́. Ẹnu ló sì fi gbà á là, bí Dennis ṣe fẹ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo ti ń na ọwọ́ mi sínú kèrègbè láti ogún ọdún sẹ́yìn.

Sísọ́ọ̀sì Ọ̀gá wà nínú dúrọ́ọ̀, mo fi aṣọ wé e. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni ǹ bá kàn fi ránṣẹ́. Mo ní, “Mọrẹ́nikẹ́, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Ṣé o fẹ́ sísọ́ọ̀sì mi? Ṣé òfin gbà á?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, ẹ ti ń béèrè!” Ó wá ní, “Mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Tí mo bá wálé nígbà ooru, kí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ fúnra yín.”

Mo dúró. Mò ń ka ọjọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà lókèèrè, kí ẹ tó ṣèlérí ohunkóhun lórúkọ rẹ̀, ẹ pè é, ẹ bi í, kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn tán. Ẹ̀yin ọmọ, tí ìyá yín bá pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù.